Ọṣẹ, Epo àti Ilẹ̀: Ìgbésí Ayé William Lever, Oníṣòwò Tó Di Aṣòfin

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ọṣẹ Sunlight, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ ìtàn ọkùnrin tó dá a sílẹ̀. William Hesketh Lever jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n di ọlọ́rọ̀ ní àsìkò Ọbabìnrin Victoria, tí wọ́n sì fi ọrọ̀ náà ṣe àtẹ̀gùn bọ́ sínú ìṣèlú lábẹ́ àsíá Ẹgbẹ́ Òṣèlú Líbẹ́rà. Irú wọn pọ̀ nígbà náà. Ohun tó ya Lever sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá ń kọ́ nípa Yorùbá ni pé epo pupa àti òróró ẹ̀kùrọ́ wà lára ohun tí ọrọ̀ rẹ̀ dúró lé lórí.

Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ dé Ilé Aṣòfin, àti láti ibẹ̀ dé Congo, Nàìjíríà àti erékùṣù Lewis. Ìbéèrè méjì ló wà ní ìdí rẹ̀. Èkínní: báwo ni ẹni tó jà kí ìjọba máa fún àwọn arúgbó lówó ìtọ́jú ní ilẹ̀ rẹ̀ ṣe jẹ́ ẹni kan náà tí wọ́n ń fi tipá kó ènìyàn ṣiṣẹ́ fún ní Congo? Èkejì: kí ló fà á tí ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Yorùbá kò fi bọ́ sí i lọ́wọ́?

Ọmọ oníṣọ́ọ̀bù ní Bolton

Wọ́n bí Lever ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1851 ní ìlú Bolton, ní agbègbè Lancashire, níbi tí ilé iṣẹ́ òwú pọ̀ sí. Nínú oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn fọ́ ìlú Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, tí wọ́n sì dá Akitóyè padà sórí oyè. Lẹ́yìn ìjà náà ni òwò ẹrú wábi gbà ní Èkó, tí òwò epo àti ẹ̀kùrọ́ sì ń gbilẹ̀ sí i. Liverpool, tí kò jìnnà sí Bolton, ni olórí èbúté tí wọ́n ń kó epo náà lọ. Bolton àti Èkó kò mọ ara wọn rí, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ti ń fà wọ́n súnmọ́ra.

James Lever, bàbá William, ń ta ohun èlò oúnjẹ. William ni ọmọ keje nínú mẹ́wàá, òun sì ni ọkùnrin àkọ́kọ́ láàárín wọn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 16, ó kúrò ní ilé ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, níbi tó ti ń gé ọṣẹ tó sì ń di ṣúgà. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pá ọṣẹ gígùn ni oníṣọ́ọ̀bù máa ń rà. Òun ni yóò gé e, tí yóò wọ̀n ọ́n fún oníbàárà. Ọṣẹ kò lórúkọ, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ẹni tó sè é. Ibi tí Lever ti kọ́ ohun tó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1872, bàbá rẹ̀ sọ ọ́ di alábàáṣe nínú òwò náà. Ní ọdún 1874, ó fẹ́ Elizabeth Ellen Hulme, tí wọ́n ti jọ mọ ara wọn láti kékeré.

Ọṣẹ tó ní orúkọ

Ní ọdún 1884, Lever forúkọ Sunlight sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti àbúrò rẹ̀, James Darcy Lever, gba ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní ìlú Warrington. Ọ̀rá ẹran ni ọ̀pọ̀ ọlọ́ṣẹ ń lò jù nígbà náà. Ọṣẹ Lever fi òróró inú èso kún un lọ́pọ̀lọpọ̀, èyí tó mú kí ó tètè hó. Ó gé e sí ẹyọ kéékèèké tó dọ́gba, ó fi bébà wé e, ó sì tẹ orúkọ sí i lára. Lẹ́yìn èyí ló náwó sórí ìpolówó lọ́nà tí ẹnìkan kò tíì rí nínú òwò ọṣẹ. Ìyàwó òṣìṣẹ́ tó ń fọ aṣọ ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ kò tún béèrè ọṣẹ lásán mọ́. Sunlight ló ń béèrè.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú nílẹ̀ Yorùbá yóò rí i pé ìmọ̀ náà kò ṣàjèjì. Eérú àti àdín tàbí epo ni àwọn ìyá wa ń sè pọ̀ di ọṣẹ. Òróró tó bá pàdé èròjà tó wà nínú eérú yóò di ọṣẹ. Iná àti sùúrù ló kù. Ohun tí Lever fi kún un ni ẹ̀rọ, orúkọ àti ìpolówó, àti pé kò sí ọ̀pẹ kankan ní Lancashire. Bí ọjà rẹ̀ ti ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ni àìní òróró ń le sí i. Gbogbo ohun tí a óò rí níwájú nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ti ibẹ̀ yẹn wá.

Port Sunlight

Ní ọdún 1888, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun àti abúlé kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ní òdì kejì odò Mersey sí Liverpool. Lever pè é ní Port Sunlight. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ńlá ń gbé nínú yàrá tó há nígbà náà. Àwọn ti Lever gba ilé tó ní ọgbà, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti gbọ̀ngàn. William Gladstone, àgbà ẹgbẹ́ Líbẹ́rà tí Lever fẹ́ràn púpọ̀, ló wá ṣí ọ̀kan nínú àwọn gbọ̀ngàn náà ní ọdún 1891.

Ìdí tí Lever fi ṣe èyí ṣe pàtàkì. Ó gbà pé òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìpín nínú èrè, ṣùgbọ́n kò gbà pé kí wọ́n fi owó lé e lọ́wọ́. Lójú tirẹ̀, ọtí àti ohun jíjẹ ni owó náà yóò bá lọ. Òun ni yóò bá wọn ná an sórí ilé àti ọgbà. Ilé náà sì rọ̀ mọ́ iṣẹ́: ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yorùbá ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Lever fárí náà dáadáa, ó dán, ó sì mọ́. Ṣùgbọ́n kò bi olórí.

Ní Ilé Aṣòfin

Ọ̀nà ìṣèlú kò tètè là fún un. Ó du ipò ní Birkenhead ní ọdún 1892, 1894 àti 1895, wọ́n sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tún kùnà ní Wirral ní ọdún 1900. Ní ọdún 1906, nígbà tí ẹgbẹ́ Líbẹ́rà gba ìjọba pẹ̀lú ìbò rẹpẹtẹ, Wirral dìbò fún un.

Owó ìtọ́jú arúgbó ni ó gbé lọ síbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ ní Ilé, ó rọ ìjọba kí ó ṣe fún gbogbo arúgbó ilẹ̀ náà irú ohun tí òun ń ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ òun. Ní ọdún 1907, ó gbé àbá òfin kan kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Àbá yẹn kò di òfin, ṣùgbọ́n ní ọdún 1908 ìjọba ṣe òfin tirẹ̀, èyí tó fún arúgbó tó ti pé ọdún 70, tí owó tó ń wọlé fún un kò sì pọ̀, ní ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀. Kò yẹ kí a sọ pé Lever nìkan ló ṣe é. Ó wà lára àwọn tó ta ìlẹ̀kùn náà títí tó fi ṣí.

Láàárín àkókò kan náà, ìjì dé bá òwò rẹ̀. Ní ọdún 1906, òun àti àwọn ọlọ́ṣẹ mìíràn fẹ́ parapọ̀. Ìwé ìròyìn Daily Mail bú u pé ó fẹ́ gba ọjà mọ́ aráàlú lọ́wọ́, àwọn ènìyàn sì yẹra fún ọṣẹ rẹ̀. Lever pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì gba £50,000 gẹ́gẹ́ bí owó ìtánràn ní ọdún 1907. Ó fi nínú owó náà ta Yunifásítì Liverpool lọ́rẹ. Nígbà tí ìdìbò ọdún 1910 fi dé, kò padà sí Ilé mọ́. Oyè ló kù: ó di Ọlọ́lá Leverhulme ní ọdún 1917, orúkọ tó fi tirẹ̀ àti ti aya rẹ̀, tó ti di olóògbé ní ọdún 1913, so pọ̀.

Congo

Lever kò fẹ́ máa ra òróró lọ́wọ́ alágbàtà títí ayé. Oko ọ̀pẹ tirẹ̀ ló ń wá. Ní ọdún 1911, ó bá ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ ńlá ní Congo. Àdéhùn náà sọ̀rọ̀ ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti iye owó tó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ san. Wọ́n sọ ibùdó tó tóbi jù níbẹ̀ ní Leverville.

Port Sunlight kejì ni Lever rò pé òun ń kọ́. Ṣùgbọ́n ní Congo, iṣẹ́ gígun ọ̀pẹ le, owó rẹ̀ kéré, àwọn ènìyàn kò sì fẹ́ ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn olóyè tí ìjọba yàn wá ń fi tipá kó ọkùnrin wá. Ní ọdún 1931, lẹ́yìn ikú Lever, àwọn Pende tó wà lára ẹni tí ìyà yìí jẹ ṣọ̀tẹ̀, ìjọba sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òṣìṣẹ́ Port Sunlight lè dìbò, ó lè dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, ó lè kó lọ sí ibòmíràn. Ará Congo kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí. Èyí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi méjèèjì, kì í ṣe ọkàn Lever.

Ilẹ̀ tí wọn kò fún un

Ní Nàìjíríà, Lever ti ra ilé iṣẹ́ oníṣòwò W. B. MacIver ní ọdún 1910. Ní ọdún 1920, ó ra Niger Company ní £8,500,000, kété kí iye owó ọjà tó já wálẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó òwò rẹ̀ sínú gbèsè. Ó bẹ ìjọba lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n fún òun ní ilẹ̀ fún oko ọ̀pẹ ńlá. Wọn kò gbà. Gómìnà Hugh Clifford, tó ṣe ìjọba láti ọdún 1919 sí 1925, dúró lórí rẹ̀ pé àgbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ ara rẹ̀ yóò pèsè ọjà ní owó pọ́ọ́kú ju oko òyìnbó lọ, àti pé gbígba ilẹ̀ yóò dá rògbòdìyàn sílẹ̀.

Rògbòdìyàn náà kì í ṣe àlá. Ní Èkó, Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá dé London, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Herbert Macaulay. Ní ọdún 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dájọ́ pé àwùjọ ló ni ilẹ̀ náà, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni Lever dá ilé iṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀ ní Èkó, èyí tó di Unilever Nàìjíríà. Ó rí àyè ta ọṣẹ. Kò rí àyè gba oko.

Ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Lever kìlọ̀ pé àwọn oko ńlá Sumatra yóò borí ọ̀pẹ igbó Áfíríkà, ó sì rí bẹ́ẹ̀ kí àwọn ọdún 1930 tó parí. Bákan náà, ilẹ̀ tó kù sọ́wọ́ àgbẹ̀ kò fún un ní agbára lórí iye ọjà. Ní ọdún 1929, Niger Company wọnú UAC, ilé iṣẹ́ yìí ló sì ṣíwájú àwọn tó parapọ̀ ní ọdún 1937 láti dín owó kòkó kù. Àgbẹ̀ Yorùbá ni oko rẹ̀, àmọ́ ẹlòmíràn ló mú òṣùwọ̀n lọ́wọ́.

Lewis

Ní ọdún 1918, Lever ra erékùṣù Lewis ní Scotland, ó sì ra Harris tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ sọ ibẹ̀ di ibùdó ẹja ńlá. Àwọn ọmọ ogun tó ti ojú ogun dé fẹ́ ilẹ̀ kékeré tí wọ́n yóò máa dá oko sí, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti ṣèlérí fún wọn. Owó iṣẹ́ ni Lever fi lọ̀ wọ́n. Wọ́n ní ilẹ̀ làwọn ń fẹ́, wọ́n sì wọ oko Coll àti Gress láìgba àṣẹ. Ní ọdún 1923, ó jọ̀wọ́ Lewis, ó fi ta àwọn aráàlú lọ́rẹ. Stornoway gbà á. Ìgbìmọ̀ tí àwọn aráàlú ń yàn ló ń ṣàkóso ilẹ̀ náà títí di òní.

Àgbálọgbábọ̀

Lever kú ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1925, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó ti ìrìn àjò Áfíríkà dé. Kì í ṣe ọ̀dájú, kì í sì í ṣe ẹni mímọ́. Ó fẹ́ ire fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún un, ṣùgbọ́n òun ló fẹ́ máa pinnu ohun tí ire jẹ́. Níbi tí àwọn ènìyàn ti ní ìbò, ilé ẹjọ́ tàbí ilẹ̀ tí wọ́n lè dúró lé, wọ́n dá a lóhùn, èyí tó dára nínú èrò rẹ̀ sì so èso. Níbi tí wọn kò ti ní nǹkan kan, èrò rere kan náà di àjàgà. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn ìjọba tó ń pín ilẹ̀ fún olówó lónìí kò ṣòro í rí: kí wọ́n tó béèrè bóyá olówó náà jẹ́ ènìyàn rere, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá onílẹ̀ lè sọ pé òun kò gbà.