Àtìbà Ṣáájú Àjẹ́lẹ̀: Bí Àríyànjiyàn Lórí Ikú Olókùn-Ẹṣin Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Láti ọdún 1975 tí Wọlé Ṣóyínká ti tẹ Death and the King's Horseman jáde ni àwọn lámèyítọ́ ti ń jiyàn lórí ohun tó ba ọ̀nà Ẹlẹ́ṣin, olókùn-ẹṣin inú eré náà, jẹ́. Ìtàn tí eré náà dúró lé kò lójú pọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, Aláàfin Sìyanbọ́lá Ládìgbòlù Kìíní wàjà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Olókùn-Ẹṣin Jínádù wọ ìlú Ọ̀yọ́, ó ń jó ní ìgboro, tọmọdé tàgbà sì mọ ibi tí ijó náà ń lọ: ó fẹ́ bá ọba kú. Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kí wọ́n mú un. Murana ọmọ rẹ̀ ló wá kú dípò bàbá. Dúró Ládiípọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe eré Ọba Wàjà ní ọdún 1964, kí Ṣóyínká tó gbé tirẹ̀ dé. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló tú ti Ṣóyínká sí Yorùbá ní 1994.

Ọ̀rọ̀ ìṣaájú tí Ṣóyínká kọ ló dá awuyewuye sílẹ̀. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ eré òun di ìforígbárí àṣà òyìnbó àti ti Yorùbá. Lójú tirẹ̀, òyìnbó wulẹ̀ ṣokùnfà ni. Inú Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀, láàárín ayé òun ọ̀run, ni ìjà wà. Bíọ́dún Jéyífò kò gbà. Nínú The Truthful Lie (1985), ó ní iyì àwọn ìjòyè ni Ṣóyínká gbé kalẹ̀ bí ẹni pé iyì gbogbo Yorùbá ni. Àwọn méjèèjì rí òótọ́ kan, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ti ṣe sí àṣà yìí kí òyìnbó tó dé kò hàn tó nínú àlàyé wọn.

Ọ̀yọ́ ni Samuel Johnson ti parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1921 ló tó jáde. Ó to àwọn tó gbọ́dọ̀ bá Aláàfin kú lẹ́sẹẹsẹ: Àrẹ̀mọ wà níbẹ̀, Olókùn-Ẹṣin náà wà níbẹ̀. Kí Aláàfin Àtìbà tó wàjà ní 1859, ó yọ Àrẹ̀mọ kúrò nínú wọn kí Adélù ọmọ rẹ̀ lè jọba. Ìbàdàn fara mọ́ ọn. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀, ogun sì dé ní 1860. Kò tán títí Ìjàyè fi tú ní 1862. Ọlá Rótìmí sọ ọ̀rọ̀ náà di eré, Kurunmi. Àlùfáà òyìnbó wà nínú eré yẹn, àmọ́ àwọn kọ́ ló fọwọ́ kan òfin. Ọ̀yọ́ ló ń bá Ìjàyè jà lórí ohun tí àwọn baba wọn fi lélẹ̀.

Ẹnìkan lè ní oyè ni Àtìbà ń wá fún ọmọ rẹ̀, kì í ṣe pé àṣà náà sú u. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ Jéyífò fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: agbára ló ń pinnu ẹni tí yóò kú. Ṣùgbọ́n kò dá Ṣóyínká lẹ́bi tán, nítorí ẹni tó bá fẹ́ dá òyìnbó nìkan lẹ́bi yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé Àtìbà. Òmíràn yóò ní eré kì í ṣe ìwé ìtàn, òǹkọ̀wé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ohun tó bá wù ú padà. Mo gbà fún eré. Ọ̀rọ̀ ìṣaájú kì í ṣe eré. Ó sọ fún wa bí ká ṣe túmọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀, a sì lè fi ohun tó ṣẹlẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Tí a bá wọ̀n ọ́n, Olúndé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin tó dúró fún Murana nínú eré Ṣóyínká, ni kíkà rẹ̀ yí padà jù. Àwọn òǹkàwé sábà máa ń rí i bí ọmọ tó padà sídìí àṣà. Àmọ́ kò sí ọmọ Olókùn-Ẹṣin nínú àwọn tí Johnson kà. Àtìbà ti yọ ọmọ kan kúrò. Murana fi ara rẹ̀ sí ibi tí òfin kò pè é sí. Ohun tuntun ni ikú rẹ̀, bí ìpinnu Àtìbà ṣe jẹ́ tuntun ní 1859.