Ìbọn tí òjò ń bà jẹ́

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni àsìkò ọdẹ ní agbègbè Parakou. Koríko ti gbẹ, iná ti jó o, ẹran kò ríbi sá pamọ́ sí dáadáa. Ìdí mìíràn tún wà: kò sí òjò tí yóò rin ẹ̀tù. Ẹ̀tù ìbọn là ń sọ o, kì í ṣe ẹtu inú igbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkíní ló ń pa èkejì.

Láti kì ṣakabùlà, ọdẹ á fi ìdí ìbọn sọlẹ̀, á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi àkísà lé e, á sì fi ọ̀pá gún un títí yóò fi le. Ìgbà yẹn ló tó kan ọta, àti àkísà mìíràn tí kò ní jẹ́ kí ọta dà nù. Bí ọta bá jìnnà sí ẹ̀tù, ọ̀pá ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ku ẹ̀tù díẹ̀ tí yóò bù sínú àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá. Bó bá fa ìbọn, òkúta ìṣáná á ha irin, iná á ta sínú àwo, á gba ihò tíńtín wọlé, ìbọn á dún. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iná àwo ń bù yẹ̀rì kí ọta tó jáde. Ẹran tí ojú rẹ̀ yá ti fò.

Ohun tó sú Alexander Forsyth náà nìyẹn, pásítọ̀ ará Scotland tó fẹ́ràn àtimáa yìnbọn fún ẹyẹ. Ní 1807 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìbọn tó ń lo èròjà tí ń gbiná bí òòlù bá lù ú. Nígbà tó yá, wọ́n fi irú èròjà bẹ́ẹ̀ sínú fìlà bàbà kékeré.

Ìbọn oníyípo tí Samuel Colt gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1836 ń lo fìlà yìí. Ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà ló wà lára irin tó ń yí. Ẹ̀tù ló ń ṣáájú wọ ihò kọ̀ọ̀kan. Ọta òjé roboto tó fi díẹ̀ tóbi ju ihò lọ á tẹ̀ lé e, wọ́n á fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ wọlé títí etí òjé yóò fi bó bí òrùka. Wọ́n á fi ọ̀rá dí ẹnu ihò, torí bí iná ihò kan bá ran èkejì, ọta méjì tàbí mẹ́ta lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ń dé e ní fìlà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ṣakabùlà olókùúta ló gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Alágbẹ̀dẹ lè tún un ṣe, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Brussels, ní 1890, àwọn Òyìnbó pinnu pé irú ìbọn yìí, tí inú ọ̀pá rẹ̀ kò ní ìlà, àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n lè máa tà fún àwa aláwọ̀ dúdú. Òwò ẹrú ni wọ́n láwọn fẹ́ dá dúró. Èyí tó dára jù ú lọ, àwọn ọmọ ogun wọn ló gbé e wá.

Lónìí, àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Abuja ní 2006 béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ará ìlú tó bá fẹ́ ní ìbọn, ó sì dárúkọ ìbọn oníyípo.

Ẹni tó bá wá ní ìwé, kó má gbàgbé omi gbígbóná. Èérí tí ẹ̀tù dúdú ń fi sílẹ̀ máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Kí ọdẹ tó jókòó ti oúnjẹ ni kó ti fọ inú ọ̀pá, kó nù ún gbẹ, kó fi òróró pa á. Èyí tó bá sùn mọ́jú láì wẹ̀ ti ń dípẹtà.