Àlejò Lórí Ìtẹ́ Bàbá Rẹ̀: Òótọ́ àti Irọ́ nípa Eré Ọlá Rótìmí

Irọ́: Ìtàn ẹni tó di àjèjì láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ọ̀ràn òyìnbó ni. Ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó bíi Kafka àti Camus làwọn òǹkọ̀wé wa ti yá a. Ṣebí Yorùbá ní agbo ilé, ó ní oríkì?

Òótọ́: Oríkì kì í ní kí wọ́n má bi èèyàn pé, "Ọmọ ibo ni ẹ́?" Sàpẹ́lẹ́ ni wọ́n ti bí Ọlá Rótìmí ní 1938. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìjọ̀ ni ìyá rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ ìbéèrè yẹn kó tó mọ̀wé kà. Ní 1966 ló ti Amẹ́ríkà dé sí Yunifásítì Ifẹ̀. Ní 1968 ló gbé eré The Gods Are Not to Blame (Àwọn Òrìṣà Kọ́ Ló Jẹ̀bi) jáde ní ibùdó àṣà Orí Olókun, nílùú Ilé-Ifẹ̀.

Irọ́: Oedipus, eré Gíríìkì tí Sophocles kọ, ni Rótìmí kàn wọ agbádá fún.

Òótọ́: Ti Sophocles ni ìpìlẹ̀ ìtàn náà, kò sẹ́ni tó jiyàn: ọmọ tí wọ́n ní yóò pa bàbá rẹ̀, tí yóò fẹ́ ìyá rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó pa bàbá. Nínú ti Gíríìkì, oríta mẹ́ta ni wọ́n ti pàdé, ìjà ta ni yóò yà lọ́nà fún ta ni. Rótìmí gbé ìjà náà lọ sí oko kan ní Ẹdẹ. Òdéwálé, ọmọ inú àsọtẹ́lẹ̀ náà, bá bàbá àgbàlagbà kan àtàwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń wa iṣu lórí ilẹ̀ tí òun fowó rà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣì ṣeé parí. Ìgbà tí bàbá náà gbọ́ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, tó wá bú ẹ̀yà rẹ̀ pé ará oko ni wọ́n, ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọkọ́ ni Òdéwálé fi pa á, kò mọ̀ pé bàbá òun ni.

Lójú tèmi, ohun tó tẹ̀ lé e ló burú jù. Ó jọba Kutuje, ìlú bàbá rẹ̀, tán, ó wá gbà pé àwọn ìjòyè ń dìtẹ̀ nítorí pé òun kì í ṣe ọmọ ìlú. Ó fura sí Adérópò, ó kọ̀ ọ́ ní gbangba. Adérópò yìí, ọmọ bàbá rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀ ni! Àkọ́bí ọba jókòó sórí ìtẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń sùn, ó ń jí, bí àlejò.

Irọ́: Àwọn òrìṣà ni àkọlé eré náà ń dá láre.

Òótọ́: Rótìmí fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn ìjọba alágbára ayé, irú Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, lòun ń pè ní òrìṣà. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà ń jà lọ́wọ́ nígbà náà. Ó ní kí á má di gbogbo ẹ̀bi rù wọ́n. Àìfọkàntán láàárín ẹ̀yà wa ni gbòǹgbò ogun náà.

Àìfọkàntán náà kò tán sí ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Ìgbò. Láti 1997 sí 2000, Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ para wọn lórí ta ni onílé, ta ni àtọ̀húnrìnwá, Yorùbá sì ni àwọn méjèèjì. Ifẹ̀ yìí kan náà ni Rótìmí kú sí ní oṣù kẹjọ 2000.

Ẹ̀yin tí tíṣà ní kẹ́ ẹ kọ àròkọ lórí àyànmọ́ nínú eré yìí nílé ìwé girama, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Inú oko iṣu yẹn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.