Ọ̀pẹ Ọba: Ìrísí Rẹ̀ àti Gíga Rẹ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa ni yóò ti rí igi yìí, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: igi kan tí ó nà gbọnrangandan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó lọ sí ilé ńlá, tí ara rẹ̀ rí bí eérú, tí imọ̀ rẹ̀ sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè réré. Àwọn ará Kúbà, nínú ilẹ̀ ẹni tí igi náà ń hù fúnra rẹ̀, ń pè é ní ọ̀pẹ ọba, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà yóò sì máa pè é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun ni ọ̀pẹ tí Sáàmù 92 fi ṣe àkàwé olódodo; ọ̀pẹ ilẹ̀ Júù nì, tí ń so èso dídùn, ni onísáàmù ní lọ́kàn.

Ẹni tí ó mọ ọ̀pẹ ilé wa dáradára ni yóò tètè rí ìyàtọ̀. Ara ọ̀pẹ tiwa a máa rí ṣákaṣàka, nítorí ìdí imọ̀ tí a gé kù síbẹ̀. Ti ọ̀pẹ ọba ń dán, tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò lè pè é ní òpó tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ. Nígbà míràn àárín rẹ̀ a wú díẹ̀, a sì tún tẹ́ẹ́rẹ́ bí ó ti ń ga lọ. Lókè òpó yìí ni ohun tí ó wù wá jùlọ wà: ọrùn aláwọ̀ ewé kan, tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6, tí ó ń dán bí ẹni pé a fi òróró pa á. Ọrùn yìí kì í ṣe igi rárá. Ìdí àwọn imọ̀ ni ó wé mọ́ ara wọn bí aṣọ. Imọ̀ bí 15 ni ó wà ní orí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì máa gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12.

Èyí tí ó ti dàgbà a ga tó ẹsẹ̀ bàtà 65 sí 100. Ìbátan rẹ̀ kan sì wà tí ó ga jù ú lọ. Irú èyí ni Dom João, ọmọ-aládé Pọtogí tí ń ṣe adelé ọba, gbìn sí ọgbà kan ní Rio de Janeiro ní Bràsíl ní 1809. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 127 kí àrá tó sán pa á ní 1972. Wọ́n ní olórí ọgbà náà a máa sun èso rẹ̀ níná, kí ẹlòmíràn má baà ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú ń gùn ún ní òru, wọ́n sì ń ta èso náà fún ẹni tí ó bá fẹ́. Àṣírí wo ni ó tún kù?

Ní Kúbà, níbi tí a yàwòrán ọ̀pẹ ọba sí ara àmì orílẹ̀-èdè, èso rẹ̀ ni oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀, imọ̀ rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń bo ilé. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí ibẹ̀ sọ ọ́ di ìtẹ́ Ṣàngó. A kò bá wọn gba ìgbàgbọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn rí kì í ṣe irọ́: igi tí ó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni àrá sábà máa ń sán lù.

Nísinsìnyí ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń gbìn ín sí iwájú ilé, nígbà tí kò ì tí ì ga ju ọmọdé lọ, wọn a sì gbìn ín mọ́ ògiri. Kì í ṣe gbòǹgbò rẹ̀ ni a ń bẹ̀rù, nítorí gbòǹgbò ọ̀pẹ kì í nípọn bí ti ìrókò. Láti òkè ni ewu ti ń wá. Bí oṣù kan ti ń kọjá ni imọ̀ kan ń já fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ tí ó wúwo, kì í sì í dúró de ẹni tí yóò kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tí ń ṣeré nísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ó má sì wà lábẹ́ wáyà iná mànàmáná.

Bí ó bá ti wà lẹ́bàá ògiri ńkọ́? Àwọn kan a ní kí a bẹ́ ẹ lórí kí ó lè kúrú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni ọ̀pẹ ọba fi ń hù, kì í sì í yọ ẹ̀ka. Bí a bá gé orí rẹ̀, yóò kú lóòró, yóò jẹrà, yóò sì wó sí ibi tí ó bá wù ú. Ẹni tí yóò bá ṣí i nípò, kí ó ṣe é nígbà tí ènìyàn méjì ṣì lè fi ṣọ́bìrì hú u, kí wọ́n sì gbé e lọ.