Ìrù tó ń tẹ̀ lé àdírẹ́sì: bí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń dá àlejò rẹ̀ mọ̀

Ẹni tó bá ti dé èbúté Igbókòdá, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, mọ̀ pé bí ọkọ̀ ojú omi bá ti ṣí, tó forí lé Ayétòrò, ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí èbúté ti di ti ọkọ̀ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì rí, ó sì kan gbogbo ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò tàbí tó ń wo owó rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí ènìyàn bá béèrè fún ojú ewé kan, apá méjì ni èsì tó ń bọ̀ ní. Àkọ́kọ́ dà bí ìwé ẹrù, tí òǹkàwé kì í rí: òun ló ń sọ irú ohun tó ń bọ̀, òun ló sì ń gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ àlejò, èyí tí wọ́n ń pè ní cookie. Èkejì ni ọ̀rọ̀ inú ojú ewé fúnra rẹ̀. Ìwé ẹrù gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ojú ewé bá ti lọ, kò sí àyè láti fi ohunkóhun kún ìwé náà mọ́.

Nínú PHP, èdè ètò kọ̀ǹpútà tí Rasmus Lerdorf gbé jáde ní ọdún 1995, àyè òfìfo kan níbẹ̀rẹ̀ ètò tó láti dá àṣìṣe yìí sílẹ̀. Ojútùú kan ni àṣẹ ob_start, tó ní kí kọ̀ǹpútà kó èsì jọ síbì kan ná, kó má tíì fi ránṣẹ́. Nígbà tí ẹrù ṣì wà ní èbúté, ètò lè tún un tò, ó sì lè fún un pọ̀ kó fúyẹ́, kí dátà ẹni tó ń kà á má baà tètè tán.

Ṣùgbọ́n ewu kan fara pamọ́ síbẹ̀. Bí ẹ̀rọ àlejò bá kọ cookie, PHP lè wọ inú ẹrù tó kó jọ náà, kó so nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́ ìdí àwọn àdírẹ́sì inú rẹ̀ bí ìrù: àmì ìbéèrè, PHPSESSID, lẹ́yìn náà lẹ́tà àti òǹkà gbọọrọ.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wọlé sí àkáǹtì rẹ̀ ní Igbókòdá, tó wá fi irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Màhìn, kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá tètè ṣí i lè wọlé láìmọ ọ̀rọ̀ aṣínà, kó sì yí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti yàn padà. Abájọ tí PHP fi ti ilẹ̀kùn yìí pa tẹ́lẹ̀, àfi bí akọ̀wé ètò bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ní ọdún 2024, PHP 8.4 kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìrù ló léwu: .php àti .html kì í ṣí ilé ẹnikẹ́ni. Èyí tó gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni kí ènìyàn gé kúrò kó tó fi àdírẹ́sì ránṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá sì parí lórí ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò, kí ó jáde kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀ kó tó dìde. Ẹni tí kò fẹ́ olè kì í fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu ọ̀nà.