Bí Òkúta Ṣe Ń Ròyìn Ogun

Òpó kan wà láàárín ìlú Róòmù tí wọ́n fi òkúta mábù ṣe. Bí a bá ka ìdí rẹ̀ mọ́ ọn, gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 38. Àwòrán ni wọ́n fín sí i lára yí ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí ọ̀já tí ìyá ọlọ́mọ wé tí kò tán bọ̀rọ̀. Ìgbà 23 ni ọ̀já náà yí òpó ká. Ká ní a lè tú u sílẹ̀ ká tẹ́ ẹ, gígùn rẹ̀ á tó nǹkan bíi mítà 200, èèyàn tí a ó sì kà lára rẹ̀ á ju 2,500 lọ. Ogun tí Késárì Trajan gbé lọ bá àwọn ará Dacia, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Romania lónìí, ni àwòrán náà ń ròyìn. Ọdún 113 ni wọ́n ṣí òpó náà. Wọn kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sáàárín àwọn àwòrán yẹn láti ṣàlàyé wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń wò ó á rí ibi tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, á sì rí bí ọba àwọn ọ̀tá ṣe kú.

Báwo ni òkúta tí kò lẹ́nu ṣe ń sọ ìtàn tó gùn tó bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ń gbẹ́ ohun ìrántí ìṣẹ́gun láyé àtijọ́ ní àwọn ìlànà kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé, wọ́n sì ti ń tẹ̀ lé e tipẹ́tipẹ́ kí Róòmù tó di ìlú. Ìlànà náà kò pọ̀, kò sì le.

Ẹni tó tóbi jù ni ọba

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Íjíbítì. Ní nǹkan bí ọdún 3100 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n fín àwòrán sí ojú méjèèjì òkúta pẹlẹbẹ kan tó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 64. Cairo ló wà títí di òní. Ní ojú kan, Ọba Narmer fi ọwọ́ òsì di irun orí ọ̀tá mú, ó sì na kùmọ̀ sókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀tá wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tó ń bá ọba gbé sálúbàtà dúró lẹ́yìn, ó kéré bí ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Àgbàlagbà ni ẹni náà o. Ipò èèyàn ni oníṣẹ́ ọnà náà fi wọ̀n ọ́n, kò wo bó ṣe ga tó.

Lójú òkúta yìí, adé funfun ti apá gúúsù Íjíbítì ni Narmer dé. Ẹ yí i padà: adé pupa ti apá àríwá ló wà lórí ọba kan náà, òkú mẹ́wàá sì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí wọ́n ti gé orí wọn, tí wọ́n sì gbé e sáàárín ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tí kò mọ ìwé kà rárá á rí i pé adé méjèèjì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan.

Ìlànà títóbi yìí kò ṣàjèjì nítòsí wa. Ẹni tó bá ti rí àwo idẹ àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣe òpó ààfin Ọba ìlú Bìní lọ́ṣọ̀ọ́ á ti ṣàkíyèsí pé ọba àti àwọn olóyè máa ń tóbi, tí àwọn tó ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ á sì kéré.

Ibi tí èèyàn dúró sí

Ìlànà kejì hàn kedere lára òkúta Naram-Sin, ọba Akkad ní ilẹ̀ tó di Ìráàkì lónìí. Òkúta náà ga tó nǹkan bíi mítà méjì, ó sì ti lé ní ẹgbàajì ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ogun tí ọba náà bá àwọn Lullubi orí òkè jà ni wọ́n fi ń ṣèrántí. Àwọn tó gbẹ́ irú rẹ̀ ṣáájú máa ń to èèyàn sórí ìlà, ọ̀wọ́ kan lórí èkejì. Ẹni tó gbẹ́ ti Naram-Sin pa ìlà tì, ó gbẹ́ òkè kan ṣoṣo, ó sì ní kí gbogbo èèyàn máa gùn ún. Àwọn ọmọ ogun ọba ń gòkè bọ̀, wọ́n gbójú sókè. Àwọn ọ̀tá ń já bọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń fa ohun tí wọ́n fi gún un lọ́rùn, òmíràn gbọ́wọ́ sókè, ó ń bẹ̀bẹ̀. Naram-Sin nìkan ló dúró lókè, àfi ṣóńṣó òkè àti ìràwọ̀ ló tún wà lókè rẹ̀. Àkẹtẹ̀ ogun oníwo ló dé, òrìṣà nìkan ni wọ́n sì máa ń gbẹ́ irú ìwo bẹ́ẹ̀ sí lórí nílẹ̀ wọn. Ìwo méjì péré ló fi sọ pé òun kì í ṣe èèyàn lásán mọ́.

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn náà, Shutruk-Nahhunte, ọba Elam, ṣẹ́gun agbègbè yẹn, ó gbé òkúta náà lọ sí Susa ní ilẹ̀ Ìráànù, ó sì kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sára òkè tí Naram-Sin ń gùn. Òkúta ìṣẹ́gun di ìkógun. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris ló wà báyìí.

Bí àkókò ṣe ń lọ

Òkúta Narmer àti ti Naram-Sin kò ju ìṣẹ̀lẹ̀ kan tàbí méjì lọ. Ogun tó gba ọdún púpọ̀ ńkọ́? Ibi tí òpó Trajan ti yọrí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé wọ́n ń gbẹ́ ẹnì kan náà léraléra. Trajan fara hàn lára òpó náà ju ìgbà 50 lọ. Ìgbàkígbà tí ẹ bá tún ti rí i, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ, ibi iṣẹ́ sì ti yí padà. Igi tàbí odi ìlú ni wọ́n sábà máa ń fi pààlà sáàárín ìran kan àti òmíràn.

Ìtàn bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ní etí odò Danube. Odò náà fúnra rẹ̀ yọ láti inú omi gẹ́gẹ́ bíi bàbá arúgbó onírùngbọ̀n, ó ń wo àwọn ọmọ ogun tó ń gba orí afárá ọkọ̀ kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń gé igi, tí wọ́n ń mọ odi, tí Trajan ń rúbọ, tó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju ìjà lọ. Ohun tí òpó náà fẹ́ káwọn ará Róòmù gbà ni pé ètò ló ń ṣẹ́gun. Ogun méjì ni wọ́n jà, láti 101 sí 102 àti láti 105 sí 106. Láàárín méjèèjì, obìnrin abìyẹ́ kan, òrìṣà Ìṣẹ́gun, dúró, ó ń kọ nǹkan sára asà. Ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé apá kìn-ín-ní ti parí.

Nítòsí òkè pátápátá ni wọ́n ti ká Decebalus, ọba Dacia, mọ́. Ó ti bọ́ sílẹ̀ lórí ẹṣin, ó wà nídìí igi kan, ọ̀bẹ rẹ̀ sì ti wà lọ́rùn ara rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin Róòmù kan bẹ̀rẹ̀ sí i, ó nawọ́ láti mú un, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ní ọdún 1965, wọ́n rí òkúta sàréè ẹlẹ́ṣin yẹn ní àríwá ilẹ̀ Gíríìsì. Tiberius Claudius Maximus ni orúkọ rẹ̀. Òun náà ní kí wọ́n gbẹ́ ìran yìí sórí sàréè òun: òun lórí ẹṣin, ọba níwájú rẹ̀ tó ń ṣubú. Wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló gbé orí Decebalus lọ fún Trajan.

Nígbà tí aṣọ gba iṣẹ́ òkúta ṣe

Ní ọ̀rúndún kọkànlá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú irun àgùntàn ṣe irú ìtàn yìí sórí aṣọ tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 70. Orúkọ Bayeux, ìlú kan ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fi ń pè é. Bí William ará Normandy ṣe gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ Látìn ṣókíṣókí wà lórí àwòrán, ṣùgbọ́n àwòrán ló ń ṣe iṣẹ́ gidi. Kí ogun tó dé, ẹ ó rí Harold, ẹni tó wá di ọba Gẹ̀ẹ́sì, tó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ohun mímọ́, tó ń búra fún William. Nígbà tí Harold gorí ìtẹ́, ìràwọ̀ onírù yọ lójú ọ̀run, àwọn èèyàn sì ń nawọ́ sí i. Nípa bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó yọ idà, aṣọ náà ti dá Harold lẹ́bi pé ó da májẹ̀mú.

Ohun tí wọn kò fi hàn

Ẹni tó ń ki ọba ní gbangba kò wá síbẹ̀ láti ka òkú àwọn ọmọ ogun ọba. Bẹ́ẹ̀ náà ni òpó Trajan. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ará Róòmù tó fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n òkú tó wà nílẹ̀, ti Dacia ni. Ìwé tí Trajan fúnra rẹ̀ kọ nípa ogun náà ti sọnù, àfi gbólóhùn kan ṣoṣo. Àwọn ará Dacia kò sì fi ìròyìn tiwọn sílẹ̀ fún wa. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rí olùborí ni òkúta ìṣẹ́gun, ẹ̀rí pàtàkì sì ni, ṣùgbọ́n ẹnu ẹnì kan ló ti wá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò nílò láti dé Róòmù kí ẹ tó rí i. Ẹ̀dà òpó náà tí wọ́n fi pílásítà rọ wà ní Victoria and Albert Museum, wọ́n gé e sí méjì kó lè wọ inú ilé, ẹ kò sì ní san owó ìwọlé. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ń fara hàn léraléra, kí ẹ tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá wá wo Késárì tẹ́rùn, ẹ má tíì lọ: ẹ wo ojú àwọn tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin.