Lẹ́tà Tí Ọ́fíìsì Ìjọba Gbọdọ̀ Dáhùn

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọn ò tíì san owó àjẹmọ́nú rẹ̀, mọ "lọ lónìí, padà wá lọ́la" dunjú. Lónìí, ọ̀gá tó yẹ kó buwọ́ lu ìwé kò sí lórí ìjókòó. Lọ́la, wọn ò rí fáìlì. Tó bá dọ̀túnla, wọ́n á ní kó lọ ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé tó ti mú wá tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé owó náà kò tọ́ sí i. Kò kàn sẹ́ni tó dá a lóhùn ni. Tó bá sì ní kí òun gba lọ́yà, owó lọ́yà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tó ń wá.

Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ Àjọ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Aráàlú, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí PCC. Ìjọba ológun Murtala Muhammed ló fi Òfin 31 dá a sílẹ̀ ní 1975, lọ́dún tí ìjọba kan náà lé òṣìṣẹ́ ọba tó ju 10,000 lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Maitama Sule ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe olórí rẹ̀. Sweden ni irú ipò bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Láti 1809 ni òfin ibẹ̀ ti dá ipò ombudsman sílẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí ìjọba. Lónìí, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ló ń yan kọmíṣánnà àgbà àti àwọn kọmíṣánnà yòókù, àjọ náà sì ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọwọ́ rẹ̀ gùn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ó lè yẹ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wò, ti ìpínlẹ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀, ti àwọn àjọ tí òfin dá sílẹ̀, àní ti ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n gbé owó iná àfojúdá lé lórí, òṣìṣẹ́ tí wọ́n yọ níṣẹ́ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, àti ẹbí tí ìjọba gba ilẹ̀ wọn ṣe títì láìsan owó gbà-máà-bínú fi lè bá ara wọn lórí bẹ́ǹṣì kan náà níbẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni, kò sì pọn dandan kí ènìyàn gba lọ́yà. Olùfisùn á kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, á sọ ọ́fíìsì tó ṣẹ̀ ẹ́, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ohun tó ti ṣe sí i àti ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe fún un. Á wá fi ẹ̀dà àwọn ìwé tó ní lọ́wọ́ tì í. Ẹ̀dà ni o, kì í ṣe ojúlówó. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ìwé ni agbára ẹni tí kò mọ ẹnìkankan nípò. Ọjọ́, nọ́ńbà fáìlì, ipò ẹni tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ: ohun tí òṣìṣẹ́ tó ń wádìí lè dì mú nìyẹn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. PCC kì í torí ìwé olùfisùn nìkan dájọ́. Á kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Òfin fún un ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Òṣìṣẹ́ àjọ lè béèrè fáìlì, ó lè pe ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà, ó sì lè kó tọ̀tún tòsì jọ kí wọ́n sọ̀rọ̀ lójú ara wọn. Ní tèmi, ibi tí iṣẹ́ yìí ti wúlò jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ìyà tó ń jẹ aráàlú lọ́wọ́ ìjọba, kì í ṣe pé ẹnìkan jókòó pinnu láti fi jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó pinnu ohunkóhun ni. Fáìlì ń bẹ lórí tábìlì ẹni tí wọ́n ti gbé lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Tí lẹ́tà PCC bá dé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá fáìlì náà jáde, kó kà á, kó sì buwọ́ lu èsì.

Àwọn òfin kan wà tó ń dá ènìyàn padà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ kì í gbọ́ nípa wọn àfi tí ọjọ́ bá ti lọ. Ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àjọ láàárín oṣù 12 sí ìgbà tí ohun náà ṣẹlẹ̀. Ẹni tó fi ọdún méjì bẹ akọ̀wé lè ti pàdánù ààyè rẹ̀ nítorí pé ó ní sùúrù. Olùfisùn gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ gba gbogbo ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un ní ọ́fíìsì tọ́rọ̀ kàn. Ọ̀rọ̀ tó bá wà níwájú kóòtù, àjọ kò ní dá sí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn kò lè bá ẹlòmíràn fẹjọ́ sùn. Tí kọmíṣánnà bá kọ̀ láti wádìí, òfin ní kó sọ ìdí rẹ̀. Kí olùfisùn béèrè ìdí náà.

Lẹ́yìn ìwádìí, ìmọ̀ràn ni PCC ń fúnni. Ó lè ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, kí wọ́n yí ìpinnu padà tàbí kí wọ́n fagi lé e, kí wọ́n tún ìlànà kan ṣe, tàbí kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Kò lè fipá gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ní kò wúlò nítorí èyí. N ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lówó kóòtù nílò ẹni tí yóò bá a béèrè ọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi dáhùn.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó wà níbòmíràn. Ẹni tó bá kọ̀ láti fún àjọ ní ohun tó béèrè lè san owó ìtanràn 500 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6. Ẹ̀wọ̀n ṣì jẹ́ ẹ̀wọ̀n, àmọ́ ta ni 500 náírà ń bà lẹ́rù lónìí? Ẹ̀ka 315 nínú Ìwé Òfin 1999 sì ka òfin PCC mọ́ mẹ́rin péré, pẹ̀lú òfin agùnbánirọ̀ àti òfin ilẹ̀, tí kò ṣe é yí padà àfi bí wọ́n ṣe ń yí ìwé òfin ìlú fúnra rẹ̀. Ààbò yìí kò jẹ́ kí ìjọba tó bá bínú pa àjọ náà rẹ́. Òun náà ló jẹ́ kó nira láti fi kún owó ìtanràn.

Àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní Peckham ní London náà ní irú àjọ yìí. Láti ọdún 1974 ni òfin ti dá ombudsman ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní England. Òun náà kò lè fipá mú kánsù, oṣù 12 sì ni gbèdéke tiẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó ń tẹ àwọn ìpinnu rẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn láti kà, ó kàn ń yọ orúkọ olùfisùn kúrò ni. Tó bá sì gbé àbọ̀ ìwádìí jáde fún gbogbo ìlú lórí kánsù kan, kánsù náà gbọ́dọ̀ fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Òfin tiwa fi í sọ́wọ́ kọmíṣánnà láti pinnu bóyá òun á sọ ohun tí òun ṣe fún aráàlú. Kò nílò òfin tuntun kó tó ṣe é. Kó yọ orúkọ olùfisùn, kó dárúkọ ọ́fíìsì náà àti ohun tí ìwádìí fi hàn, kó sì kà á lórí rédíò ìpínlẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí alága ìjọba ìbílẹ̀ tó pa ìmọ̀ràn àjọ tì mọ̀ pé àwọn tí yóò dìbò ti gbọ́.